Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ọdún Tó Wà Lára Mẹ́dàlì Kọ́ Ni Ọjọ́ Orí Ẹ̀

Ẹ kú ojú lọ́nà o. Lẹ́tà yín pọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, mo ka gbogbo ẹ̀ tán, àwọn kan ya fọ́tò ránṣẹ́, àwọn kan kàn ṣàpèjúwe ni, ṣùgbọ́n nǹkan kan náà ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀: ẹ rí ọdún kan lára nǹkan, ẹ sì gbà pé ọdún yẹn ni wọ́n ṣe é. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ọdún tó wà lára mẹ́dàlì lè jẹ́ ọdún ogun, ó lè jẹ́ ọdún tí ọba kan dá oyè sílẹ̀, ó lè jẹ́ ọdún tí ìjọba kan bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó wá rọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín lẹ́yìn ogójì ọdún. Èmi, ohun tó dé kẹ́yìn lára nǹkan ni mo máa ń wá. Bí ohun mẹ́wàá bá ti pẹ́ tí ọ̀kan ṣoṣo sì jẹ́ tàná, tàná ni nǹkan yẹn. Ẹ fi eléyìí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka ìdáhùn wọ̀nyí lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Inú àpótí bàbá bàbá mi la ti rí ìràwọ̀ kan tó láwọ̀ idẹ, ẹnu ẹ̀ mẹ́fà, adé wà níbẹ̀, lẹ́tà G, R, I wà láàárín, wọ́n wá kọ THE BURMA STAR yí i ká. Àmọ́ kò sí orúkọ bàbá níbì kankan, ẹ̀yìn ẹ̀ dán borobo. Ẹnì kan sọ fún wa pé nígbà tí kò ti lórúkọ, ayédèrú ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Ọmọọmọ Sójà)

ÌDÁHÙN: Ẹ má fi ọ̀rọ̀ onítọ̀hún sọ́kàn rárá. Ìjọba Ìlú Ọba ò kọ orúkọ sára àwọn ìràwọ̀ Ogun Àgbáyé Kejì, bí wọ́n ṣe rọ ọ́ tán ni wọ́n ń kó o sínú páálí kékeré tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó jagun, òun àti ìwé pélébé kan. Àwọn tó kọ orúkọ ni Ọsirélíà, Gúúsù Áfíríkà àti Íńdíà, wọ́n tẹ nọ́ńbà àti orúkọ sẹ́yìn tiwọn. Nítorí náà ẹ̀yìn tó dán yẹn ò ba nǹkan kan jẹ́. Kódà ká ní ẹ rí orúkọ aláràbarà tí wọ́n fín sẹ́yìn ìràwọ̀ Ìlú Ọba ni, ìgbà yẹn ni mi ò bá bi yín pé ta ló fín in, ìgbà wo ló sì fín in.

Ẹ wá jẹ́ ká ka ohun tó wà lára ẹ̀. G.R.I. yẹn, èdè Látìn ni, George Rex Imperator, ìyẹn ni pé Ọba George, Olú-ọba. VI tó wà láàárín ẹ̀ ni Kẹfà. Ọba George Kẹfà jọba láti 1936 títí di 1952, ṣùgbọ́n oyè Imperator yẹn, torí Íńdíà ló ṣe ń jẹ́ ẹ, nígbà tí Íńdíà gba òmìnira ní 1947 wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú oyè ẹ̀ ní 1948. Ẹ rí i pé lẹ́tà kan péré ti sọ nǹkan púpọ̀ fún yín: mẹ́dàlì tí ẹ bá ti rí IMP tàbí IND: IMP lára ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọba, àwòrán yẹn ti wà ṣáájú 1948. Kí ẹ sì mọ àwọn ọba yẹn lórí, ó ń ranni lọ́wọ́ gan-an: Victoria láti 1837 dé 1901, Edward Keje dé 1910, George Karùn-ún dé 1936, Edward Kẹjọ ò lò tó ọdún kan, George Kẹfà dé 1952, lẹ́yìn náà Elizabeth Kejì dé 2022.

Àkókò ogun tí wọ́n torí ẹ̀ fún èèyàn ní ìràwọ̀ Bọ́mà (Burma, ilẹ̀ tó ń jẹ́ Myanmar lónìí) bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1941, ó parí ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 1945. Ríbọ́ọ̀nù ẹ̀, búlúù tó kì ni, pupa gbòòrò wà láàárín, ìlà àwọ̀ ọsàn tín-ínrín wá wà nínú búlúù yẹn lọ́tùn-ún lósì, pupa yẹn fún àwọn ọmọ ogun Commonwealth, ìlà ọsàn yẹn sì ni oòrùn. Bí ríbọ́ọ̀nù tó wà lára tiyín bá yàtọ̀ sí èyí, ẹnì kan ti pààrọ̀ ẹ̀ tàbí kó dà á pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì. Ẹ tún padà sídìí àpótí yẹn o, torí ìràwọ̀ Bọ́mà kì í sábà dá wà. Ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí 1939-45 Star, ríbọ́ọ̀nù tìyẹn jẹ́ búlúù tó kì, pupa, àti búlúù tó mọ́lẹ̀, ìyẹn ọmọ ogun ojú omi, ti orí ilẹ̀, ti òfuurufú. Ẹ tún wá mẹ́dàlì roboto kan tó funfun, orí ọba níwájú, kìnnìún tó dúró lórí dírágónì olórí méjì lẹ́yìn. War Medal nìyẹn. Àwọn èèyàn máa ń pè é ní fàdákà, kì í ṣe fàdákà, àdàlù bàbà àti níkẹ́lì ni, Kánádà nìkan ló fi fàdákà ṣe tiẹ̀.

Èyí tí ẹ máa rí orúkọ lára ẹ̀ ni ti Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. British War Medal tó jẹ́ fàdákà àti Victory Medal tó jẹ́ idẹ, etí wọn ni orúkọ wà, ìràwọ̀ 1914 àti 1914-15, ẹ̀yìn wọn ló wà. Ojú tó bá kánjú ò ní rí i. Ẹ jókòó síbi fèrèsé, ẹ fi ìka méjì di mẹ́dàlì yẹn mú bí ẹni di owó wẹ́wẹ́ mú, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ẹ wá máa yí i díẹ̀díẹ̀: nọ́ńbà máa kọ́kọ́ jáde, ipò sójà yẹn á tẹ̀ lé e, orúkọ ẹ̀ á dé, lẹ́yìn náà orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó wà. Mo ti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà, síbẹ̀ bí orúkọ yẹn bá ti ń yọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan báyìí, ara mi máa ń bù máṣọ, torí èèyàn kan ló ń yọjú sí yín yẹn. Nọ́ńbà àti orúkọ yẹn lẹ máa fi wá a nínú káàdì mẹ́dàlì tó wà ní National Archives, ilé àkójọ ìwé ìjọba Ìlú Ọba, ní Kew ní London. Fáìlì iṣẹ́ ológun fúnra ẹ̀ lè má sí mọ́, torí bọ́ǹbù tó bọ́ ní oṣù Kẹsàn-án 1940 jó bíi ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún fáìlì àwọn sójà ogun kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n àwọn káàdì yẹn wà.

ÌBÉÈRÈ: Mo fẹ́ ra ìràwọ̀ funfun kan tó rẹwà gidi, ẹsẹ̀ márùn-ún, ríbọ́ọ̀nù pupa, orí obìnrin wà láàárín, wọ́n kọ 1870 sí i. Ẹni tó ń tà á ní ogun Faransé àti Jámánì ni wọ́n ti gbà á, pé ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún. (Olùfẹ́ Àtijọ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ dá owó yín dúró ná. Légion d'honneur nìyẹn, oyè tí Napoleon Bonaparte dá sílẹ̀ ní 1802, àwọ̀ funfun bíi tánganran tó wà lára ẹ̀ ni gbogbo èèyàn fi ń mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n 1870 yẹn kì í ṣe ọdún tí wọ́n fi dá ẹnikẹ́ni lọ́lá, ọdún tí ìjọba Olómìnira Kẹta bẹ̀rẹ̀ ní Faransé ni, ó sì wà lára gbogbo èyí tí wọ́n ń ṣe láti ìgbà náà títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Èyí tí ẹ fẹ́ rà yẹn lè jẹ́ ti 1880, ó sì lè jẹ́ ti 1930, ẹni tó bá tà á fún yín bíi ti 1870 ò tíì sọ nǹkan kan fún yín.

Oyè yìí dùn ún kà torí bí ìjọba Faransé ṣe ń yí ni ojú ẹ̀ ń yí. Lábẹ́ Napoleon, orí Napoleon ló wà láàárín. Nígbà tí àwọn ọba padà dé ní 1814, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi orí ọba àtijọ́ Henri Kẹrin sí i. Láti 1870 orí obìnrin tó dúró fún ìjọba Olómìnira ló wà níbẹ̀. Ẹ tún wo ibi tó so ìràwọ̀ mọ́ ríbọ́ọ̀nù: bó bá jẹ́ adé ló wà níbẹ̀, ayé ọba tàbí Napoleon ni, bó bá jẹ́ ewé tí wọ́n hun roboto, ó ti di lẹ́yìn 1870. Ẹ wá fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wo òrùka tí ríbọ́ọ̀nù gbà kọjá, bó bá jẹ́ fàdákà ẹ lè rí àmì bíńtín tó dà bí orí ẹlẹ́dẹ̀ igbó, Paris lo àmì yẹn láti 1838 sí 1962.

Jámánì náà ní irú ọgbọ́n yìí, tiwọn tilẹ̀ ń tan èèyàn jù. Iron Cross, àgbélébùú irin, Ọba Friedrich Wilhelm Kẹta ti Prussia ló dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta 1813 nígbà tí wọ́n ń bá Napoleon jà, wọ́n tún jí i dìde ní 1870, ní 1914, ní 1939. Èyí tó jẹ́ ti 1914, lẹ́tà W pẹ̀lú adé àti 1914 wà níwájú, ṣùgbọ́n ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà, 1813 lẹ máa rí. Ti 1939 náà, 1813 wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ yín jẹ, ẹ̀yìn ló máa ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀kan tún wà tí wọ́n kọ 1939 sí, ewé igi óòkù ló wà láàárín ẹ̀ dípò àmì ẹgbẹ́ Hitler, èyí ò lè ṣáájú 1957, torí ọdún yẹn ni òfin Ìwọ̀-oòrùn Jámánì gbà kí àwọn tó jagun máa lo mẹ́dàlì wọn bí àmì yẹn bá ti kúrò lára ẹ̀. Ewé yẹn ló dé kẹ́yìn, ewé yẹn ló sọ ọjọ́ orí ẹ̀. Ẹ mú òòfà dání pẹ̀lú: irin ni àárín èyí tó pọ̀ jù nínú ojúlówó, fàdákà ni wọ́n fi dè é létí, ìrán tí wọ́n fi jó o pọ̀ wà níbẹ̀ bí ẹ bá wò ó dáadáa. Èyí tí wọ́n rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìsí ìrán, tí òòfà ò sì fà, ẹ bi í léèrè dáadáa.

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé ará Faransé àti Jámánì nìkan ni, Ìlú Ọba ní mẹ́dàlì kan tí wọ́n kọ 1793-1814 sí, tí Victoria sì wà níwájú ẹ̀ ní ọ̀dọ́bìnrin, pẹ̀lú ọdún 1848. Wọn ò tíì bí Victoria nígbà tí ogun yẹn parí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn sójà yẹn dúró ọgbọ̀n ọdún ó lé kí ìjọba tó fún wọn ní nǹkan kan, àwọn tó ṣì wà láyé tó sì béèrè nìkan ló rí i gbà. Inú mi máa ń bàjẹ́ bí mo bá ń rò ó, bí ẹnì kan á ṣe jagun ní ọmọ ogún ọdún, kó di arúgbó kùjọ́kùjọ́ kí wọ́n tó rántí ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ìpẹtà ti bo mẹ́dàlì bàbá mi. Kí ni mo lè fi fọ̀ ọ́ kó dán? (Ìyá Ìbejì)

ÌDÁHÙN: Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ jọ̀ọ́ mà. Kò sí oògùn ìfọ-idẹ tí kì í bó díẹ̀ nínú irin lọ, orúkọ tó wà létí ò sì jìn rárá, èèyàn lè fi ìfẹ́ nù ún títí kó fi nu orúkọ bàbá ẹ̀ dànù. Bí ẹrẹ̀ àti eruku bá ni, aṣọ tó rọ̀ tó sì gbẹ ti tó. Dúdú tó bo fàdákà yẹn, àwọ̀ ọjọ́ orí ẹ̀ ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kó já yín láyà ni lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé lára idẹ tàbí bàbà, tó bá ti ń jẹra, ẹ gbé e kúrò níbi ọ̀rinrin, ẹ má sì kó o sínú ràbà tó rọ̀ tó ń rùn bíi aṣọ òjò tuntun, irú ràbà yẹn ń sun omi kan tó ń ba irin jẹ́. Bébà tí kò ní ásíìdì ló dáa.

Àmọ́ bí ẹ bá rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba ti tẹ́ pẹrẹsẹ, pé imú ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, ẹ má bínú sí i. Ó lè jẹ́ sójà yẹn fúnra ẹ̀ ló ń nù ún fún pàréèdì. Ìyẹn ti di ara ìtàn ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Fọ́tò sójà kan wà nílé wa, kì í ṣe orí bébà, orí nǹkan líle ló wà, inú àpò aláwọ kékeré tó ń ṣí bí ìwé. Mẹ́dàlì méjì wà láyà ẹ̀ lọ́tùn-ún, mo sì gbọ́ pé òsì ni wọ́n ń fi í sí. Ṣé ẹni yìí ò mọ̀ ọ́n wọ̀ ni? (Ọmọ Onífọ́tò)

ÌDÁHÙN: Ó mọ̀ ọ́n wọ̀ dáadáa! Fọ́tò ló yí i padà. Lára irú fọ́tò àtijọ́ yìí, èyí tó pọ̀ jù máa ń gbé èèyàn jáde bí dígí ṣe ń gbé e, ọ̀tún á di òsì. Ẹ wo bọ́tìnnì ẹ̀wù ẹ̀, bó bá jẹ́ pé apá tí kò yẹ ló ti dè é, ẹ wo idà ẹ̀, ẹ wo lẹ́tà tàbí nọ́ńbà ara fìlà, bó bá kọjú sódì, ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn. Ẹ rántí ṣá pé wọ́n ń lo ọ̀tún lóòótọ́ fún àwọn mẹ́dàlì kan, bíi ti àwọn tó gba ẹ̀mí là ní Ìlú Ọba, àwọn mọ̀lẹ́bí sójà tó ti kú náà máa ń fi mẹ́dàlì ẹ̀ sí ọ̀tún. Fún ìdí yìí, bọ́tìnnì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ó wá ku orí kí ni fọ́tò yẹn wà. Bí ẹ bá gbé e síwá sẹ́yìn tó ń dà bí dígí, tí ẹ ń rí ojú ara yín, tó sì jẹ́ pé àyè kan péré ni ojú sójà yẹn ti ń jáde, daguerreotype ni, bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò ni, 1839 ni wọ́n kéde ẹ̀ fún ayé. Bó bá jẹ́ gíláàsì tí wọ́n kun dúdú sẹ́yìn, ambrotype ni, àwọn ọdún 1850 ló gbòde. Bó bá jẹ́ irin pẹlẹbẹ, òòfà á fà á, tintype nìyẹn, 1856 ló bẹ̀rẹ̀, ó sì pẹ́ gan-an kó tó lọ, pàápàá ní Amẹ́ríkà. Ẹ má gbìyànjú àtinu ojú daguerreotype o, kódà pẹ̀lú òwú, ó máa há, kò sì sí àtúnṣe fún un.

Ẹ̀yin tí fọ́tò yín wà lórí páálí, carte de visite ni èyí tó kéré bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 sí 10, Disdéri ará Faransé ló gba ìwé àṣẹ ẹ̀ ní 1854. Èyí tó tóbi jù ú lọ, tó tó 11 sí 16.5, cabinet card ni, nǹkan bíi 1866 ló dé. Bí igun páálí bá mú ṣámúṣámú tí páálí sì fẹ́lẹ́, ó sábà máa ń jẹ́ ti ṣáájú 1870, nígbà tó yá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé igun ẹ̀ roboto, tí páálí sì ń nípọn. Bó bá jẹ́ káàdì ìfìwéránṣẹ́ ni, ẹ yí i padà: ìlà tó pín ẹ̀yìn ẹ̀ sí méjì, apá kan fún ọ̀rọ̀ apá kan fún àdírẹ́sì, Ìlú Ọba ò gbà á ṣáájú 1902, Amẹ́ríkà ò gbà á ṣáájú 1907.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó ti da ọ̀pọ̀ láàmú. Wọ́n á wo ríbọ́ọ̀nù nínú fọ́tò dúdú àti funfun, wọ́n á ní èyí tó dúdú ni búlúù, èyí tó mọ́lẹ̀ ni yẹ́lò. Òdìkejì ẹ̀ gan-an ni! Oògùn fọ́tò ayé àtijọ́ ń rí búlúù dáadáa, kò rí pupa, yẹ́lò náà ò fi bẹ́ẹ̀ hàn sí i, ìdí nìyẹn tí búlúù fi máa ń ṣí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, tí pupa, yẹ́lò àti àwọ̀ ọsàn á wá ṣókùnkùn. Ríbọ́ọ̀nù British War Medal, ọsàn láàárín, búlúù létí, nínú fọ́tò ìgbà yẹn àárín ẹ̀ ló máa dúdú, etí ẹ̀ á mọ́lẹ̀. Èmi gan-an jókòó ti fọ́tò kan fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó yí èrò mi padà, bí mo ṣe yí i padà ni mẹ́dàlì yẹn sọ orúkọ ara ẹ̀ fún mi.

ÌBÉÈRÈ: Tèmi jẹ́ àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, ọ̀gá ológun kan, oyè kún àyà ẹ̀. Ṣé mo lè fi oyè yẹn mọ ọdún tí wọ́n kùn ún? (Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ lè fi mọ apá kan ẹ̀. Oyè tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú gbogbo ẹ̀ ni kí ẹ wá, kí ẹ mọ ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀ tàbí ọdún tí ẹni yẹn gbà á, àwòrán yẹn bó ṣe wà lónìí ò lè ṣáájú ẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé mo ní bó ṣe wà lónìí, torí àwọn ọ̀gá ológun máa ń pe ayàwòrán padà wá fi oyè tuntun kún un. Goya, ayàwòrán ará Sípéènì, kun àwòrán Wellington, ọ̀gágun Ìlú Ọba, ní 1812. Nígbà tó di 1814 ó padà sídìí ẹ̀, ó fi oyè Golden Fleece àti àgbélébùú wúrà ológun kún un, torí Wellington ti gba wọ́n láàárín àkókò yẹn. Àwòrán ọ̀hún wà ní National Gallery ní London lónìí. Ẹni tó bá fi oyè nìkan wò ó á ní 1814 ni, ẹni tó bá fi ojú ẹni yẹn wò ó á ní 1812, òótọ́ sì ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ẹ gbé tiyín sí ìmọ́lẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ wá, bí ọ̀dà ibi oyè kan bá ga ju àyíká ẹ̀ lọ, tàbí tí ìlà ẹ̀wù ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, wọ́n fi kún un ni.

Lẹ́yìn náà kí ẹ yí i dojú kọ ògiri. Ẹ̀yìn àwòrán kì í sábà purọ́. Bí sítáńpù ẹni tó ta kánfáàsì bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú: Winsor & Newton, fún àpẹẹrẹ, 1832 ni wọ́n dá a sílẹ̀, kánfáàsì tó bá ní orúkọ wọn ò lè ṣáájú ẹ̀. Ìṣó tó di kánfáàsì mú ni kí ẹ wò tẹ̀ lé e, bó bá jẹ́ pínnì bíi ti ìwé ni, ó ti di láàárín ọ̀rúndún ogún, ó kéré tán ẹnì kan ti tún un dè. Bí ẹ bá sì lè gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń yẹ ọ̀dà wò, ẹ ní kó wá títáníọ́ọ̀mù nínú funfun ẹ̀. Lẹ́yìn 1916 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọjà. Funfun títáníọ́ọ̀mù nínú àwòrán tí wọ́n ní ti ayé Napoleon ni, ó ní láti jẹ́ pé wọ́n tún un ṣe, tàbí kí gbogbo ẹ̀ jẹ́ tuntun.

ÌBÉÈRÈ: Mo ní mẹ́dàlì idẹ ńlá kan, kò ní ríbọ́ọ̀nù, kò ní ihò, orí Napoleon wà lára ẹ̀ pẹ̀lú 1805. Kí ni kòkòrò kékeré tó wà létí ẹ̀? (Aláwárí)

ÌDÁHÙN: Oyin ni kòkòrò yẹn, ó sì ti bá yín dá ẹjọ́. Ilé tí wọ́n ti ń rọ owó ní Paris tọ́jú mọ́ọ̀dù àtijọ́ wọn, wọ́n sì ń fi rọ mẹ́dàlì tuntun jáde nígbàkígbà, ṣùgbọ́n láti 1832 wọ́n ń lu àmì sétí ẹ̀ pẹ̀lú orúkọ irin tó jẹ́. Fìtílà àtijọ́ láti 1832 dé 1841, ìdákọ̀ró dé 1842, iwájú ọkọ̀ ojú omi dé 1845, ọwọ́ tó ń nàka dé 1860, oyin dé 1879, láti 1880 ló ti di ìwo tí èso kún inú ẹ̀. Nítorí náà tiyín, wọ́n rọ ọ́ láàárín 1860 sí 1879, àádọ́ta ọdún ó lé lẹ́yìn 1805. Kì í ṣe ayédèrú o! Mọ́ọ̀dù gidi ló ti jáde. Ká ní etí ẹ̀ mọ́ tónítóní, tí kò ní àmì kankan, ìgbà yẹn la lè máa bá a lọ sí ayé Napoleon.

Mẹ́dàlì tí wọ́n dà sínú àpẹẹrẹ amọ̀ tàbí iyanrìn ní ẹjọ́ tiẹ̀. Pisanello ará Ítálì ló bẹ̀rẹ̀ irú mẹ́dàlì olójú èèyàn yìí, bíi 1438, nígbà tó ṣe ojú ọba Byzantium, John Kẹjọ, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Ẹni tó bá fi ojúlówó tẹ àpẹẹrẹ tó sì da idẹ sí i, idẹ yẹn bó bá ti tutù á sún kì díẹ̀, nítorí náà àdàkọ máa ń kéré ju ìyá ẹ̀ lọ, irun orí àti lẹ́tà ẹ̀ á sì ti rọ̀ bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò. Rúlà tó péye nìkan ti tó láti mọ èyí bí ẹ bá mọ ìwọ̀n ojúlówó.

ÌBÉÈRÈ: Mẹ́dàlì mi kéré sí ti gbogbo èèyàn, kò ju ìdajì lọ. Ayédèrú ni, àbí? (Kékeré)

ÌDÁHÙN: Rárá. Wọ́n ń ṣe kékeré fún aṣọ òde alẹ́, ẹni tó gba ńlá yẹn ló máa ń fi owó ara ẹ̀ rà á, kì í sì í sábà lórúkọ. Èyí tó yẹ kí ẹ fura sí ni ńlá tó fi díẹ̀ kéré. Mẹ́dàlì roboto Ìlú Ọba sábà máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 36. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ ẹnì kan, orúkọ tó dáa, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó lókìkí, mo gbé e délé mo fi kálípà wọ̀n ọ́n, 35 ló jẹ́. Wọ́n ti fi fáìlì ha orúkọ ẹni tó ni ín dànù, wọ́n wá fín ti ẹlòmíì sí i. Owó yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ha dànù yẹn ló dùn mí jù, torí kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mẹ́ta ni wá, mẹ́dàlì bàbá wa jẹ́ mẹ́ta, irin kan ló kó wọn pọ̀. A fẹ́ tú u ká pín in ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ìjà má bàa wà. Ṣé ó burú? (Àbíkẹ́yìn)

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u. Bí wọ́n ṣe tò wọ́n yẹn, ètò ni, ọwọ́ bàbá yín tàbí ọwọ́ ẹni tó rán an fún un wà níbẹ̀, òwú yẹn pàápàá ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fi iná UV, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ owó bébà wò, wò ó lálẹ́, òwú àti ríbọ́ọ̀nù òde òní á máa tàn búlúù nítorí oògùn tó ń mú aṣọ funfun tí wọ́n ń fi sí i, ti àtijọ́ ò ní tàn bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì mọ̀ bóyá wọ́n ti tún un rán. Bí ẹ bá tú u, mẹ́dàlì tí kò lórúkọ lára di mẹ́dàlì lásán lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó máa lè fi hàn mọ́ pé bàbá yín ló ni ín.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú yín tọ́jú ẹ̀ fún ọdún kan, kó wá kọjá sọ́wọ́ ẹnì kejì. Kí ẹni tí kò sí lọ́wọ́ ẹ̀ ní fọ́tò ẹ̀, iwájú, ẹ̀yìn, àti etí, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kí ẹ sì jókòó lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ ohun tí ẹ mọ̀ sórí bébà: orúkọ ẹ̀ ní kíkún bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní bárékè, nọ́ńbà ẹ̀ bí ẹ bá ní in, ibi tó ní òun jà dé, orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ tó máa ń dá. Kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bákan náà pé ta ló sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́, kí ẹ wá ká bébà yẹn sínú àpótí kan náà pẹ̀lú mẹ́dàlì.